Ọtí Tí Bàbá Ò Fẹnu Kàn

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ kí n tó gbàgbé ibì kankan: bàbá tó bí bàbá mi fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n gbé ọtí fún àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan láàárín Àbújá, kò sì jẹ́ kí ẹ̀kán kan nínú ẹ̀ kan ahọ́n òun rí. Ẹ̀kán kan ṣoṣo! Síbẹ̀, tí ẹ bá bu wísìkí mẹ́fà síwájú ẹ̀, tí ẹ fi aṣọ dì í lójú, á dárúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tún bi yín pé ta ló fọ ife kẹrin, nítorí ọṣẹ ṣì wà lára ẹ̀. Imú ló fi mọ gbogbo ẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, ọwọ́ mi ò sì yá tó ohun tó ń sá jáde lórí mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn la sin ín. Ìwé pélébé tí wọ́n pín níbi ìsìnkú ní díákónì ni, ó ní olùfẹ́ àlàáfíà ni, ó ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àtàtà ni. Mi ò lè ní irọ́ ni. Àmọ́ mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo tún padà kà á láti òkè, mi ò rí Bàbá níbẹ̀. Imú ẹ̀ dà? Ìjà tó bá Àǹtí Bùnmi ọmọ ẹ̀ jà fún odidi ọdún kan dà? Olùfẹ́ àlàáfíà kẹ̀! Ni mo bá mú bírò.

Àṣàkẹ́ ló ń pè mí. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí àwọn òbí mi fi mí ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sọ́dọ̀ òun àti Màmá ní Gwagwalada, ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé mẹ́wàá, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ilé yẹn kún nígbà kan. Nígbà tó yá, ó ku àwa mẹ́ta. Lẹ́yìn Màmá, ó ku èmi àti Bàbá. Ẹ lè ka èyí tó kù fúnra yín.

Bó ṣe kọ́ iṣẹ́ imú ni kí n kọ́kọ́ sọ. Òfin hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ni pé òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ tọ́ ọtí wò. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá mu tiẹ̀ tán, tó dìde, ife á kù lórí tábìlì, ìsàlẹ̀ ife á sì ṣì tutù. Kí Bàbá tó gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń fọ ọ́, á yẹ̀ sẹ́yìn ògiri, á gbé e simú. Ó ní ife tó ti gbẹ díẹ̀ ló máa ń sọ òótọ́ jù, nítorí ohun tó ń ta èèyàn nímú á ti fò lọ, èyí tó kù níbẹ̀ ni ọtí gan-an. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ èyí tó ní èéfín, èyí tó ní oyin, èyí tí wọ́n fi àgbá àtijọ́ tọ́jú. Lọ́jọ́ kan, mánéjà yọ sí i lẹ́yìn ògiri, ó bá a tó ti ki imú bọ ife dé ojú.

"Kai! Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń kàwé ni, sà."

Kí ló dé tí ò kúkú fi máa mu ún lẹ́yìn iṣẹ́? Màmá ni. Nígbà tí Bàbá rí iṣẹ́ yẹn, Màmá sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ alàgbà ìjọ ni Màmá, wọn kì í tiẹ̀ jẹ́ kí bíà kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá wọn. Níkẹyìn wọ́n gbà, wọ́n ní, "Ẹ máa gbé e fún wọn, mi ò ní kí ẹ má gbé e. Àmọ́ ẹnu tí ẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kàn án." Bàbá gbà. Màmá ò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o! Láràárọ̀ tí Bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé, Màmá á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, á la ẹnu bí ọmọdé tí dókítà fẹ́ wo ọ̀fun ẹ̀, Màmá á gbọ́ òórùn ẹnu ẹ̀. Èmi náà á dúró sẹ́yìn wọn nínú aṣọ ilé-ìwé, ẹ̀rín á fẹ́ẹ̀ pa mí. Ọjọ́ kan mo bi í pé ṣé kì í bí i nínú ni, àgbàlagbà bíi tiẹ̀. Ó wò mí bíi pé mo bi í ní ìbéèrè òmùgọ̀.

"Ẹni mélòó ló ní ẹni tó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà?"

Nǹkan ò lè wọ ẹnu ẹ̀ láìkọ́kọ́ kan imú. Omi pàápàá! Ìrẹsì, ọṣẹ, ìwé ìròyìn, owó ọjà mi àkọ́kọ́, ó gbé gbogbo ẹ̀ simú. Èso gígé ni mò ń tà, níwájú ọgbà yunifásítì, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rà á. Tí a bá dé ọjà Zuba láàárọ̀ Sátidé, àwọn èèyàn á máa fọwọ́ gbá ìbẹ́pẹ wò, á máa tẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú, Bàbá á kàn yí ìdí ọ̀pẹ̀ òyìnbó sókè, á dijú, á gbọ́ òórùn ẹ̀. Ìyá kan tó ń tajà níbẹ̀, ará Ìlọrin, kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀.

"Sànnu o, Bàbá Gwagwalada! Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya?"

"Yauwa, Alhaja. Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ fi ṣaya, ṣé mi ò ní béèrè ilé tó ti wá ni?"

Gbogbo ìsọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi ọsàn méjì lé e fún wa.

Ó yá, ìgò. Òun ni mo fẹ́ sọ látàárọ̀.

Òyìnbó kan wà, ẹnjiníà, ará Skọ́tílándì, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà reluwé n'Ídù, tó sì fi hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ṣe ilé fún ọdún púpọ̀. Òun náà ká Bàbá mọ́ ẹ̀yìn ògiri. Dípò kó fẹjọ́ sùn, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ife ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ nínú, á ní, "Sọ èyí fún mi." Bàbá á sọ. Òyìnbó á fọwọ́ gbá tábìlì! Nígbà tó ń padà sílé ẹ̀, ọdún yẹn náà ni Bàbá ń fẹ̀yìn tì, ó gbé ìgò kan fún un nínú àpótí igi. Ọkà báálì nìkan ni wọ́n fi pọn ọtí inú ẹ̀, nílé ìpọntí kan ṣoṣo, wọn ò pa á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Wọ́n rọ ọ́ sínú àgbá igi, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Òyìnbó ní àwọn èèyàn ti ń mu ti ọdún yẹn tán, pé àwọn tó kù láyé ò pọ̀ mọ́. Ọdún tí wọ́n pọn ọ́n wà lára ìgò. Bàbá wò ó. Ọdún yẹn gan-an ló gbé Màmá níyàwó.

Àyà ló fi gbé e mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì títí dé Gwagwalada. Mo rántí, mo ti ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá. Màmá dìde, wọ́n wo ìgò, wọ́n wo Bàbá.

"Ta nìyẹn?"

"Àlejò ni."

"Ìgbà wo ló máa lọ?"

"Kò tíì sọ."

Màmá rẹ́rìn-ín láìfẹ́, bí ìgò ṣe gba àyè lórí kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn. Ní òòró ni Bàbá gbé e dúró, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo wa. Ó ní wáìnì ni wọ́n ń tẹ́ sùn. Tí wọ́n bá tẹ́ wísìkí sùn, á máa jẹ kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé e díẹ̀díẹ̀, kọ́ọ̀kì á rà, ọtí á jò, ọtí á bàjẹ́. Ó ti ṣètò ẹ̀: lọ́jọ́ tí ìgbéyàwó wọn bá pé àádọ́ta ọdún, òun á ṣí i, òun á gbọ́ ọ, Màmá á jókòó ti òun. Màmá gbà láti jókòó, wọ́n ní ṣùgbọ́n àwọn á di ìwé orin mú. Mo bi Bàbá pé ṣé ó lè dúró dìgbà yẹn láìmọ bó ṣe ń rùn.

"Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ ti ẹni ẹlẹ́ni. Èyí, tèmi ni."

Màmá lọ nígbà tó ku ọdún méjì.

Ibí ni ìjà ti wọlé. Àǹtí Bùnmi ni àkọ́bí Bàbá, Kubwa ni wọ́n ń gbé, èèyàn dáadáa ni wọ́n o, àmọ́ ojú ayé ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé àwọn ará ìjọ ti ń bọ̀ wá kí wa, tí ìgò ọtí sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù díákónì, wọ́n gbé e, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọn ìró Màmá nínú àpótí aṣọ, wọ́n pa àpótí dé. Wọ́n gbà gbọ́ pé àwọn ti ṣe nǹkan gidi. Ẹ sì mọ bí nǹkan ṣe rí nílé wa: tí ìyá bá kú, wọn kì í ṣí àpótí aṣọ ẹ̀ títí ọdún á fi yí, tí gbogbo ọmọ á péjọ pín in. Bàbá ti ìsìnkú dé, kò rí ìgò. Ó rò pé Bùnmi ti dà á nù. Kò béèrè. Àǹtí Bùnmi náà ò sọ, wọ́n rò pé Bàbá mọ̀. Odidi ọdún kan! Tí wọ́n bá wá kí wa, Bàbá á ní "ẹ káàbọ̀", bíi pé olùkọ́ ilé-ìwé kan ló yà, á wọ yàrá lọ. Ọmọ tó bí, ó ń pè é ní "ẹ". Ọjọ́ tí Àǹtí Bùnmi bi mí pé kí làwọn ṣe fún Bàbá, mo lọ bi í.

"Sọ fún wọn pé wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Láàárín ọdún yẹn ni òtútù ọyẹ́ kan mú un, tó fi ikọ́ àti ọ̀fìnkìn kàn án mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ara ẹ̀ yá. A dúpẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ọjà dé, èéfín ti gba ilé, ẹ̀wà ti di èédú nínú ìkòkò, Bàbá sì jókòó sí pálọ̀, ó ń ka Bíbélì. Mo pariwo. Ó gbójú sókè, ó ní, "Kí ló dé?" Ìgbà yẹn la jọ mọ̀ pé imú ẹ̀ ò gbọ́ òórùn mọ́. Ó lọ mú ọṣẹ, ó gbọ́ ọ. Ó mú àlùbọ́sà. Ó mú kẹrosíìnì! Mo tẹ̀lé e káàkiri ilé. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àga ìdáná.

"Àṣàkẹ́, ilé yìí ti dákẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ àbí kò fẹ́, mo kàn bẹ̀rẹ̀ ni. Mo lè jí láàárọ̀ kí n ní, "Bàbá, wọ́n ti ń dín àkàrà níta."

"Ti ta ni?"

"Ti Ìyá Bísí."

"Epo ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti jóná."

"Mo mọ̀!"

Nígbà tí ọdún náà yí po, àwọn ọmọ péjọ. Àǹtí Bùnmi ló kúnlẹ̀ ti àpótí, tí wọ́n ń kó ìró jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, káńfọ̀ ń ta gbogbo wa nímú. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, ìgò yọ. Ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ìró tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti pọ́n lójú kan, ọtí inú ìgò sì ti fà sẹ́yìn. Bàbá dìde lórí àga.

"Bùnmi. O tẹ́ ẹ sùn."

Ṣé ẹ gbọ́? "O"! Ọdún kan tó ti ń pè wọ́n ní ẹ! Omi bọ́ lójú Àǹtí Bùnmi.

"Bàbá, mo fi pa mọ́ fún yín ni. Ẹ̀yin rò pé mo dà á nù?"

"O tẹ́ wísìkí sùn, ọmọ yìí."

"Ṣé mo ti pa á ni?"

"A ò tíì mọ̀."

Òótọ́ ni, a ò mọ̀, òun gan-an sì ni kò ní lè mọ̀. Kọ́ọ̀kì ti ń jò, ìgò ò lè dúró de àádọ́ta ọdún mọ́. Ọtí kan ṣoṣo tó jẹ́ tiẹ̀, tó ti ń dúró dè látìgbà tí mo wà ní kékeré, ó ti wà níwájú ẹ̀, imú ò sì sí.

Ọ̀sán Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n gbé àga síwájú ilé. Ó wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, èyí tó ní bọ́tìnì dúdú, ó ti tóbi jù fún un. Ó fọ ife méjì fúnra ẹ̀, ó nù wọ́n, ó gbé wọn sókè sí oòrùn wò. Ó di kọ́ọ̀kì mú. Bó ṣe fà á, ìdajì já sí i lọ́wọ́, ìdajì wó sínú ìgò. Mo gbá àyà mú. Ó ní kí n gbé asẹ́ tíì wá. Ó sẹ́ ọtí náà sínú ife, díẹ̀ báyìí, ẹ̀kán kan ò ṣòfò. Àwọ̀ ẹ̀ dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Lẹ́yìn náà, ó gbé e simú. Ó gbàgbé ni. Ó dì í mú síbẹ̀ títí, ojú ẹ̀ ò sì yí padà rárá, mo wo ilẹ̀.

Ó nawọ́ ife sí mi.

"Àṣàkẹ́, ṣé ó ti bàjẹ́?"

Ẹ̀rù bà mí! Mi ò gbọ́ òórùn wísìkí rí láyé mi. Mo gbé e simú, ó ta mí, mo yára kó ohun tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti kékeré.

"Oyin, Bàbá. Èéfín. Àti àgbá àtijọ́."

"Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Ẹnu mi lo ti kó o. Ìwọ ńkọ́, kí lo gbọ́?"

Mo tún gbé e simú. Mo dijú bíi tiẹ̀. Mo dúró kí títa yẹn fò lọ. Ohun kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo sì mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n dáadáa!

"Bàbá, ọsàn ni. Ọsàn ìsàlẹ̀ àpò. Èyí tí kò tíì rà àmọ́ tí èèpo ẹ̀ ti gbẹ."

Ojú ẹ̀ tàn.

"Ti Zuba?"

"Ti Zuba."

"Yauwa! Máa bá a lọ."

"Igi ìdáná tó ń jó lọ́wọ́, tí òjò wá pa iná ẹ̀. Àti... àti ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Oògùn tí wọ́n fi ń nu ojú egbò."

"Ṣé kò dára?"

"Kò dára, Bàbá. Àmọ́ mi ò fẹ́ gbé e kúrò nímú."

Ó fò dìde! Bàbá tí orúnkún ń dùn! "Kò bàjẹ́! Bùnmi ò pa á! Etí òkun ni wọ́n ti pọn irú ẹ̀, Òyìnbó yẹn sọ fún mi, oògùn ojú egbò ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n!" Ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ. Ó jó ahọ́n mi, omi dà lójú mi, iyọ̀ díẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí mo ti gbé e mì tán ni adùn kan wá yọ, bíi ti ẹ̀pà tí wọ́n yan mọ́ ṣúgà. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe ń dé, gbogbo ẹ̀, mi ò mí, òun náà ń mi orí, ẹnu ẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi pé òun ló ń jẹ ẹ́. Mo na ife sí i.

"Bàbá, Màmá ti lọ. Ẹ fi ahọ́n kàn án."

"Ṣé nítorí pé kò sí nílé?"

Mo gbé ife sílẹ̀. Òjò ti ń ṣú lápá ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí Zuba, òun sì ń wo ibẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Káńfọ̀ ńkọ́? Ọdún kan ló fi wà lábẹ́ aṣọ ẹ̀. Gbọ́ ọ dáadáa. Ṣé kò sí òórùn Màmá ẹ níbẹ̀?"

Ẹ ẹ̀ mọ bó ṣe wù mí tó láti ní ó wà níbẹ̀. Ta ló máa já irọ́ mi? Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo wá a débi tí imú mi fi kan ọtí. Àmọ́ òun ló ní kí n sọ tèmi, bí mo bá sì parọ́ èyí, gbogbo ọsàn yẹn náà á di irọ́.

"Rárá, Bàbá. Kò sí níbẹ̀."

Èjìká ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni, mo ti dìde kí n lọ dì í mú. Ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ látìgbà tí Màmá ti lọ.

"Mo mọ̀. Tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní gbà láti wọ inú ìgò ọtí."

A rẹ́rìn-ín títí òjò fi lé wa wọlé.

Lánàá, mo ń ti Zuba bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, èmi àti àpò ọsàn mi, ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ nípa Màmá àti ìgò yẹn kàn dédé wá sí mi lọ́kàn, mo bú sẹ́rìn-ín, mi ò lè dáwọ́ dúró. Obìnrin tó jókòó tì mí náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, kí ló dé? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́." Mo ya ẹnu. Mo fẹ́ kó mọ gbogbo ẹ̀, kò sì mọ Bàbá, kò mọ Màmá, kò mọ nǹkan kan. Ó ń dúró, ó ń wojú mi. A ti dé Gwagwalada kí n tó mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀.